Ta Ni Ó Ni Ìtàn Ìlú?

Ní Kétu, kí ìwé tó dé, ìdílé kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti rántí. Bàbá Ẹlẹ́gùn ni à ń pe ẹni tí ó wà ní ipò náà, ọmọ a sì máa gbà á lọ́wọ́ baba. Nígbà tí a bá ń fi Alákétu tuntun jẹ, òun ni yóò ka ìtàn ìlú láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé orí ọba tí ó wàjà gbẹ̀yìn. Kò gbọdọ̀ ṣì í. Àwọn tí ó kọ̀wé nípa Kétu sọ pé bí ó bá fo ibì kan, ìyà ń bẹ fún un, ìlú a sì ka àṣìṣe náà sí àmì búburú fún ìjọba tí ó ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a bá sọ èyí fún àwọn ọmọ kíláàsì wa, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń rín: bí ó bá jẹ́ pé olùkọ́ ń jìyà ní gbogbo ìgbà tí ó bá ṣi ọdún kan pè, ta ni ìbá kù láti kọ́ wọn?

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ju ẹ̀rín lọ. Bàbá Ẹlẹ́gùn mọ ẹni tí òun yóò jíhìn fún: ọba tí ó jókòó níwájú rẹ̀, àwọn ọba tí ó ti lọ, àti ìlú tí ó pé jọ láti gbọ́. Ẹni tí ó wá jókòó sínú yàrá rẹ̀ ní ìlú kékeré, tí ó ń kọ ìtàn àwọn tí ó bí i àti ti àwọn aládùúgbò rẹ̀ sínú ìwé, ta ni òun yóò jíhìn fún? Kò sí ọba tí ó rán an. Kò sí ìyà tí a ti là sílẹ̀ fún un. Ta ni ó fún un ní ẹ̀tọ́ sí ohun tí ó gbọ́? Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò, nítorí pé ó ti kó àwa fúnra wa sí wàhálà rí.

Nígbàkigbà tí a bá ń ro irú ènìyàn bẹ́ẹ̀, Àlùfáà Thomas Moulero ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn. Ọmọ Kétu ni. Púpọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí ọmọ Dahomey àkọ́kọ́ tí a fi jẹ àlùfáà Kátólíìkì, ní ọdún 1928. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí òpìtàn kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni òun ni ó kọ ìtàn Ṣábẹ̀ẹ́ tí ó jáde ní ọdún 1964 nínú ìwé Études dahoméennes, òun náà ni ó sì kọ̀wé lórí bí Glèlè ṣe ṣẹ́gun Kétu àti bí Faransé ṣe ṣẹ́gun Àgbómẹ̀. Ó kọ ohun tí ó gbọ́ nípa ìpìlẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú, débi pé àwọn ọ̀mọ̀wé tí ó wá lẹ́yìn, bí Babatunde Lawal nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1996, kò lè ṣe kí wọ́n má dárúkọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á ro èyí wò. Ní ayé ìgbà tí ó di àlùfáà, ṣọ́ọ̀ṣì kò fi ojú rere wo eégún àti òrìṣà rárá. Ọkùnrin yìí, tí ó wọ aṣọ àlùfáà, lọ jókòó ti àwọn àgbà, ó bi wọ́n léèrè bí ijó tí à ń jó fún àwọn ìyá wa ṣe bẹ̀rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Lójú tiwa, ohun tí ó ṣe yìí wúwo ju bí a ṣe ń rò lọ. Ó fi hàn pé ènìyàn lè jẹ́ olóòótọ́ sí ohun tí kì í ṣe ìgbàgbọ́ rẹ̀.

Ó yẹ kí á rántí irú ìlú tí ó jáde wá. Ní ọdún 1886, àwọn ọmọ ogun Glèlè wó Kétu, wọ́n sun ún níná, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú lọ sí Àgbómẹ̀. Ìlú náà wà ní ahoro títí di ìgbà tí Faransé lé Béhanzin kúrò lórí ìtẹ́; ìgbà náà ni àwọn tí ó kù bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé. Kí wọ́n tó padà, ààlà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fẹnu kò lé lórí ní 1889 ti la ilẹ̀ wọn já, Mẹ́kọ sì bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó bá padà sí irú ìlú bẹ́ẹ̀ nílò ìtàn kí ó tó lè kọ́ ilé. Níbo ni agbo ilé wa wà tẹ́lẹ̀? Ta ni ó ń dáko ní ẹ̀gbẹ́ odò yìí? Ìdílé ta ni oyè kàn? Ìdílé márùn-ún ni ó ń jọba ní Kétu; bí ẹnì kan bá fo ọba kan tàbí bí ó bá fi ọba kan kún un, kì í ṣe orúkọ lásán ni ó ṣì, ẹ̀tọ́ ènìyàn alààyè ni ó fọwọ́ kàn. Ọ̀mọ̀wé tí ó ń kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní Paris lè sùn. Ẹni tí ó ń kọ ọ́ ní ìlú náà gan-an yóò pàdé wọn ní ọjà lọ́la, yóò kí wọn, wọn yóò sì wo ojú rẹ̀.

A ń bọ̀ wá sórí wàhálà tiwa. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ní ìlú kékeré kan tí a ti ń kọ́ni, a ní kí àwọn ọmọ kíláàsì wa kan lọ bèèrè ìtàn agbo ilé wọn, kí wọ́n sì kọ ọ́ wá ní Yorùbá àti ní Faransé. Ọ̀pọ̀ wọn kọ ojú ewé kan, tí ó kún fún ọba àti jagunjagun. Ọmọbìnrin kan kọ ojú ewé mẹ́rin. Ó kọ ibi tí wọ́n ti wá, ó kọ kànga tí wọ́n kọ́kọ́ gbẹ́, ó kọ ìjà tí ó pín agbo ilé sí méjì. Ó sì kọ gbólóhùn kan báyìí pé ìyá tí ó bí bàbá àgbà bàbá òun jẹ́ ẹrú tí wọ́n fi owó rà. Inú wa dùn. A fún un ní máàkì tí ó ga jù lọ, a sì lẹ ìwé náà mọ́ ara ògiri ní ọjọ́ tí àwọn òbí wá wo iṣẹ́ àwọn ọmọ.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí baálé agbo ilé náà fi dé, òun àti ọkùnrin méjì. Kò pariwo. Ó kí wa kú iṣẹ́, ó bèèrè ará ilé, ó wá ní: “Olùkọ́, ọmọ wa ni ẹ bi léèrè, ẹ kò bi wá. Bí ìjọba bá gbé yín lọ sí ìlú mìíràn lọ́la, ẹ ó di ẹrù yín, ẹ ó lọ. Àwa ni a óò máa jẹ́ orúkọ tí ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri yìí.” A dọ̀bálẹ̀, a bẹ̀ wọ́n, a sì yọ ìwé náà kúrò lójú wọn. Nígbà tí ara wọn balẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n wá ṣàlàyé. Ilẹ̀ kan wà ní ẹ̀bá ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ gba ìwé rẹ̀. Àwọn ìbátan wọn ní ìhà kejì agbo ilé ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ọmọ ẹrú kò ní ìpín níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọn kò rí ẹ̀rí rẹ̀ rí, ilé-ẹ̀kọ́ ti wá kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn, ó sì tún fi ìwé pupa kọ “iṣẹ́ tí ó dára púpọ̀” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, a kọ́kọ́ gbèjà ara wa. A ní òtítọ́ ni iṣẹ́ olùkọ́, a ní òtítọ́ korò, a ní bí gbogbo ilé bá ń fi tirẹ̀ pamọ́, kí ni a óò wá máa kọ́ ọmọ? Ọ̀rọ̀ wọ̀nyí dára lẹ́nu. Ṣùgbọ́n a kò lè gbàgbé pé òtítọ́ tí à ń yangàn pẹ̀lú rẹ̀ yìí, orí ẹlòmíràn ni ó já lé. Àwa kò fi nǹkan kan sílẹ̀ nínú rẹ̀. Kì í ṣe ilẹ̀ wa, kì í ṣe ìyá wa. Àwọn àgbà ní kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú bá rí ni ẹnu ń sọ, a sì ti máa ń rò pé ìbẹ̀rù ni ó bí òwe náà. Ní ọjọ́ náà a rí i pé ìfẹ́ náà lè bí i. Baálé yẹn kò parọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó ń dáàbò bo àwọn ọmọ tí kò ra ènìyàn, tí a kò sì rà.

Bí ọ̀rọ̀ náà bá parí síbẹ̀, a kì bá má kọ èyí. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ìyá àgbà ọmọbìnrin náà ránṣẹ́ pè wá. Ìyàwó ilé ni, kì í ṣe ọmọ ilé. Ó ti ju ẹni ọgọ́rin ọdún lọ. A lọ pẹ̀lú ìbẹ̀rù, a rò pé èébú ni ó kù. Ó fún wa ní ìjókòó àti omi. Ó ní: “Wọ́n ní ẹ ti yọ ìwé náà. Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n mo ní kí ọmọ kà á sí mi létí, ọ̀rọ̀ kan sì dùn mí níbẹ̀. Ó kọ ọ́ pé wọ́n rà á. Kò kọ orúkọ rẹ̀. Ṣé wọ́n ra ènìyàn tí kò ní orúkọ ni?” Ó wá sọ fún wa pé òun bá obìnrin náà láyé nígbà tí wọ́n gbé òun wọ ilé, pé ojú rẹ̀ ti fọ́, pé òun ni ó máa ń bu omi ìwẹ̀ fún un. Ó sọ orúkọ rẹ̀. Ó sọ orúkọ ìlú tí wọ́n ti mú un. Ó sọ pé ọmọdé ni nígbà náà, pé ìyá rẹ̀ a máa ta ẹ̀kọ, àti pé títí ó fi kú, bí ó bá gbọ́ òórùn ẹ̀kọ ní àárọ̀, a dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. “Ẹ kọ ìyẹn,” ni ìyá náà wí.

Ohun tí ọkàn wa fi pamọ́ fún wa ni obìnrin tí kò mọ ìwé yìí tú síta. À ń kọ́ àwọn ọmọ wa nípa ogun 1886 ní ojú ẹni tí a kó. A ń dárúkọ ìlú, a ń dárúkọ ọba, a ń sọ bí wọ́n ṣe rìn dé Àgbómẹ̀, ojú a sì máa kún fún omi. Nígbà tí ó bá wá kan ẹrú inú ilé tiwa, ojú ẹni tí ó rà ni a fi ń wò ó: “wọ́n rà á,” ó tán. Ilé ọlọ́lá mélòó ni ó wà ní ilẹ̀ Yorùbá ní ayé ogun tí kò ní ẹrú? Àwọn àgbà wa mọ èyí ju bí a ṣe ń rò lọ. Àwọn náà ni wọ́n pa á lówe pé ẹrú kú, ìyá kò gbọ́. Ọmọ kú, ariwo ta. Bẹ́ẹ̀ ni ẹrú ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀. Àṣìṣe ọmọbìnrin wa, èyí tí ó jẹ́ àṣìṣe tiwa, kì í ṣe pé ó sọ púpọ̀ jù. Ìdajì ni ó sọ, ìdajì tí ó kù sì ni ìbá sọ ìtìjú náà di nǹkan mìíràn.

Ẹ wo òkè òkun. Ní Salvador, ní Bahia, ilé òrìṣà kan wà tí ń jẹ́ Alaketu. Ìtàn ilé náà sọ pé ọmọbìnrin kan láti ìdílé ọba Àrò ní Kétu, tí àwọn ará Dahomey kó, tí wọ́n sì tà sí Brazil, ni ó dá a sílẹ̀, wọ́n sì ń pe orúkọ rẹ̀, Otampê Ojarô, títí di òní. Níbẹ̀, ẹni tí a rà ni ìyá ìlé. Kò sí ẹni tí ó ń fi ojú ẹni tí ó rà á ka ìtàn náà. Bóyá ọmọ ìlú mìíràn, tí a rà wọ Kétu tàbí wọ Ṣábẹ̀ẹ́ ní ọdún kan náà, ń dúró de ẹni tí yóò dá orúkọ rẹ̀ padà fún un báyìí.

Ṣé a ń sọ pé kí òpìtàn ìlú máa kọ gbogbo nǹkan ni? Rárá. A gbà pé ó lè dákẹ́. Ohun tí kò lè ṣe ni kí ó fi irọ́ dí àyè tí ó dákẹ́ sí: kí ó sọ ẹrú di ọmọ ọba, kí ó sọ ẹni tí ó wá lẹ́yìn di ẹni tí ó tẹ ìlú dó. Lórí èyí, ìlú a máa lójútì jù wá lọ, ó sì tún máa ń ní ìgboyà jù wá lọ. Ìtàn Kétu fúnra rẹ̀ sọ pé nígbà tí àwọn tí ó ti Ilé-Ifẹ̀ bọ̀ dé ibi tí ìlú wà lónìí, wọn kò ní iná. Ọ̀dọ̀ ìyá arúgbó kan, ọmọ Fọ̀n, tí wọ́n bá nítòsí, ni wọ́n ti lọ gba iná. Ìlú tí Dahomey Fọ̀n wó lulẹ̀ ní 1886 ìbá ti rí ìdí tí ó fi yẹ kí ó gbàgbé ìyá Fọ̀n yìí. Kò gbàgbé rẹ̀. A ṣì ń rántí iná náà nínú ètò tí a fi ń jẹ Alákétu. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ kọ ìtàn mímọ́ tónítóní, tí kò sí àlejò nínú rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ lọ pa iná yẹn.

Ó tún ku ohun kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń fojú fò. Wọ́n ń rò pé ẹnu àgbà ni ibi tí ìtàn ti ń ṣàn wá, pé ìwé sì ni adágún rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọ̀kan nínú wọn lọ sọ́dọ̀ bàbá àgbà kan, bàbá náà sì ka ọba fún un lẹ́sẹẹsẹ, pẹ̀lú ọdún tí olúkúlùkù wọn jẹ. Ọmọ náà yọ̀, ó ní irú ọpọlọ wo nìyí! A bi í bóyá àwọn àgbà ilé tiwọn máa ń ka ọdún àwọn òyìnbó. Ó padà lọ bèèrè. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó sì fa fọtokópì kan jáde láti inú àpótí. Ìwé Parrinder lórí Kétu jáde ní 1956, iṣẹ́ Dunglas sì tẹ̀ lé e ní 1957 àti 1958. Láti ìgbà náà ni ohun tí wọ́n kọ ti ń padà sí ẹnu àwọn tí a lọ ń bi léèrè. Bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, a bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni bàbá ìtàn. Ní ayé tiwa, fọtokópì ti di bàbá àrọ́bá. Kò burú. Ṣùgbọ́n òpìtàn ìlú gbọ́dọ̀ sọ ẹni tí ó sọ fún un, àti ibi tí ẹni náà jókòó sí nígbà tí ó ń sọ ọ́. Samuel Johnson jẹ́ àlùfáà ní Ọ̀yọ́. Ojú Ọ̀yọ́ ni ó fi wo púpọ̀ nínú ìtàn Yorùbá, àwọn ìlú mìíràn sì ń ráhùn nípa rẹ̀ títí di òní. A kò lè bá a wí fún ibi tí ó jókòó sí. Ó parí iṣẹ́ náà ní 1897, ó fi í ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sọnù síbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì kú ní 1901 láìrí i. Àbúrò rẹ̀, Obadiah, ni ó tún un kọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù, kí ó tó jáde ní 1921. Bí àbúrò náà bá ti fi àkọsílẹ̀ wọ̀nyẹn dáná, ẹjọ́ lórí ìtàn Ọ̀yọ́ ìbá ti tán, a kì bá sì ní nǹkan kan láti bá a jà lé lórí. Àpótí mélòó ni ó wà nínú ilé àwọn bàbá wa ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Àjàṣẹ́, ní Kétu, tí ikán ń jẹ báyìí?

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa yóò bèèrè ohun tí a ṣe sí ọ̀rọ̀ ìyá àgbà yẹn. A padà lọ bá baálé. A kò fi pamọ́ fún un pé ìyá náà ti bá wa sọ̀rọ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní òun náà mọ orúkọ náà, orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ òun obìnrin àkọ́kọ́ ni; òun kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní kí á má tíì kọ ọ́ sí ibi tí ojú yóò ti rí i, títí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yóò fi parí. Ìyá ní kí á kọ ọ́. Àwọn méjèèjì ni wọ́n ni ín, àwa kò ní in. A ra ìwé tuntun kan, a kọ ohun tí ìyá sọ, a kọ ọjọ́ tí ó sọ ọ́ àti pé òun ni ó sọ ọ́, a sì kọ ohun tí baálé sọ sí abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. A fi ìwé náà lé ọmọbìnrin náà lọ́wọ́ níwájú àwọn méjèèjì. Ìyá náà sọ fún un pé kí ó má fi í sí ilẹ̀, nítorí ikán. Ó sì fún un ní agolo tí ó fi ń kó gààrí, pẹ̀lú ọmọrí rẹ̀.